Omi Wàláà Àkànbí

Ẹni tó bá fẹ́ ná ìtàn yìí wò, kó yáa máa kọjá lọ. Kò sí ẹ̀dínwó níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e wá la ṣe gbé e kalẹ̀: a ò fi omi lù ú, a ò sì bu nǹkan kan lórí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, lójú àwọn èèyàn tí orí wọn pé, tí wọ́n mọ orúkọ ara wọn, tí wọ́n sì jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Ó tó ọdún mẹ́fà sí méje tí àwọn ará Èkó ti sá ogun wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Àkànbí wà lára wọn. Ẹní ló ń tà. Á ra ẹní l'Éjìnrìn lọ́jọ́ ọjà, á gba ojú ọ̀sà lọ sí Ìpakòdò ní Ìkòròdú, á tà á fún àwọn tí kò mọ iye tó rà á. Etí rẹ̀ mú fún ọjà. Bó bá ti gbọ́ bí èèyàn ṣe ń mí, ó ti mọ iye tó wà lọ́kàn onítọ̀hún. Òfin kan ṣoṣo ló ní, gbogbo etídò ló sì mọ̀ ọ́n: kì í gbé ọjà ẹnikẹ́ni kúrò nílẹ̀ láì gbọ́ iye rẹ̀. Ó ní ọjà tí a ò bá dá iye lé, ọjà náà ló ń ra ẹni.

Ẹnì kan ló wà tí kò mọ bí òun ṣe máa ná an. Rọ̀kíbátù ni, ọmọ Súbérù apẹja. Àwọn ti Súbérù kì í ṣe ará Èkó, ọmọ Ẹ̀pẹ́ àtilẹ̀wá ni wọ́n, omi ọ̀sà ni wọ́n fi wẹ baba wọn. Rọ̀kíbátù ti parí kéwú láti bí ọdún mẹ́ta. Ó ń yan ẹja tà, òun ló sì máa ń dá orin fáwọn obìnrin bí ìnáwó bá dé. Ó ní ìṣe kan. Kó tó dá orin, tàbí kó tó ka ohunkóhun, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kékeré kan, bí ẹni tó rántí àwàdà tí kò fẹ́ sọ. Ẹ̀rín yẹn ló mú Àkànbí. Ẹja kì í ṣe oúnjẹ tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ẹja ló ń jẹ láàárọ̀, ẹja ló ń jẹ lálẹ́.

Nígbà tó lọ bá Súbérù, Súbérù ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní òun ò fẹ́ ẹní, òun ò fẹ́ iyọ̀. Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ òun á dìde dúró lọ́jọ́ wòlímọ̀, ọjọ́ tí ilé-kéwú ń yẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sí, á ka Yáásín láti orí dé ìdí lójú gbogbo èèyàn, láì wo wàláà, láì kọsẹ̀. Bí kò bá lè kà á, Sàlàkọ́ oníyọ̀ ń bẹ ní Ìpakòdò, ó ti ka kéwú títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n rẹ̀, ó sì ń retí èsì.

Àkànbí wo Súbérù lójú, ó gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Bàbá," ló wí, "ẹ jẹ́ ká fi sí ìdajì."

Súbérù ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wòlímọ̀ ku oṣù mẹ́ta.

Bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ṣe lọ jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nìyẹn. Ilé-kéwú Ààfáà Bísíríyù wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ilé ti tán tí koríko odò ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ ni Ààfáà ń gbà, ọmọ Èkó, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ olówó àti ọmọ ìwọ̀fà, gbogbo wọn á máa pariwo ẹ̀kọ́ pọ̀ láti òwúrọ̀, ilé á máa hó yèè bí ọjà ẹja. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kí àlàásárì tán, kéwú parí, ayé bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀ lórí iyanrìn. Àwọn ọmọbìnrin á máa kọ́ orin wòlímọ̀. Èyí tó dùn jù ni ọkọ̀. Ilé-kéwú náà ní ọkọ̀ gígùn kan tó ń gba ọmọ méjìlá tó ń wà á àti ẹnì kan tó ń tukọ̀ nídìí. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ wòlímọ̀, wọ́n á bá ilé-kéwú apá kejì ìlú fi ọkọ̀ sáré. Ẹni tó bá borí, ẹnu rẹ̀ ò ní í gbófo títí ọdún á fi yípo.

Oṣù kan gbáko ni Àkànbí lò lórí alífà, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà sọ ọ́ ní Bàbá Alífà. Tó bá ti yọ lókèèrè, wọ́n á máa kọrin pé Bàbá Alífà ń bọ̀, irùngbọ̀n ló fi ń kàwé. Òun náà á máa jó sí i. Kí ni kò ní í jó? Ní ìdí ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àkànbí mọ ọ̀sà bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀. Ẹnì kan tó jẹ́ ọlọ́pọlọ láàárín wọn, Mọ́ṣúdù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bá a ṣe pàṣípààrọ̀: Mọ́ṣúdù á máa tún kéwú kọ́ ọ, òun á máa kọ́ Mọ́ṣúdù ní títukọ̀. Àkànbí ní ọjà tó dọ́gba ni.

Nísinsìnyí, wàláà ni ọ̀rọ̀ kàn. Pákó tí Ààfáà ń fi tàdáà kọ ẹ̀kọ́ sí ni. Tí ọmọ bá ti há ẹ̀kọ́ náà sórí, á fọ̀ ọ́ nù, kí Ààfáà lè kọ òmíràn. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà á síbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹlẹ̀. Kòtò kan wà lẹ́yìn ilé, wọ́n to òkúta yí i ká, ibẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Àwọn mìíràn ń mu ún. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ èyí kó tó mọ orúkọ baba rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá kan, ọkọ̀ ti wà lómi, àwọn ọmọ ti wọlé, wọ́n ń pe Bàbá Alífà. Wàláà rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá, kò tíì fọ̀ ọ́. Ọ̀nà kòtò jìn, ọ̀nà ọkọ̀ ò jìn. Àkànbí jókòó sídìí ọkọ̀, ó nawọ́ sílẹ̀, ó fọ wàláà náà sínú ọ̀sà.

Tàdáà náà kò fọ́n ká. Ó ṣù pọ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀ tààrà, tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú, bí okùn tí ẹnì kan ń fà.

"Ẹ̀gbọ́n," Mọ́ṣúdù wí, "kòtò ń bẹ lẹ́yìn ilé."

"Omi ni gbogbo rẹ̀."

Wọ́n mú àjẹ̀, wọ́n gbéra. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni Àkànbí ń fọ wàláà sí. Ó yá ju ọ̀nà kòtò lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi lọ sí ọjà Èjìnrìn lẹ́yìn kéwú. Ó sùn síbẹ̀, ó sì gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ kó lè bá kéwú àárọ̀. Òun àti ogún ẹní ló wà nínú ọkọ̀. Ọyẹ́ ti dé. Kùrukùru bo ọ̀sà funfun báláú, kò rí orí ọkọ̀ tó jókòó sí. Etí ló fi ń tukọ̀. Ó gbọ́ ẹyẹ odò kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó gbọ́ ajá tó ń gbó ní etídò. Ó gbọ́ àjẹ̀ rẹ̀ lómi, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀.

Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹyẹ dákẹ́. Ajá dákẹ́. Ó ti àjẹ̀ bọ omi, àjẹ̀ ò dún.

Ìgbà náà ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ kéwú.

Ohùn náà ò jìnnà. Kò ti etídò wá. Abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń bọ̀, ó sì ń ka ẹ̀kọ́ àná. Ohùn ọkùnrin ni, ó há díẹ̀ lọ́fun. Àkànbí ń rò ó pé òun mọ olóhùn yìí, níbo ni òun ti gbọ́ ọ rí? Ohùn náà dé ibi ọ̀rọ̀ kan tó máa ń ṣòro fún Àkànbí. Ó kọsẹ̀. Ó padà sẹ́yìn. Ó húkọ́, bí Àkànbí ṣe máa ń húkọ́ tó bá fẹ́ fi àṣìṣe pamọ́ fún Ààfáà. Ó tún un kà, ó tún kọsẹ̀.

Ohùn ara rẹ̀ ni.

Àkànbí ò mira. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn náà kà á, ó sì gún. Ó ń lọ geere. Ó kọjá ibi tí ẹ̀kọ́ àná parí sí, ó wọ ibi tí Ààfáà kò tíì kọ fún un. Lẹ́yìn náà ni ajá gbó, ẹyẹ dún, ọkọ̀ sì ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe nígbà tó dé èbúté ni pé ó di Mọ́ṣúdù létí mú. Ó rò pé àwọn ọmọ ló ń fi òun ṣeré. Mùnírátù, ìyá Mọ́ṣúdù, jáde síta, ó búra pé ọmọ òun ò tíì fi ẹní sílẹ̀ láti alẹ́ àná, ó sì bi Àkànbí bóyá etí ọmọ òun náà wà lára ọjà tó ń tà. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín. Àkànbí fi etí ọmọ náà sílẹ̀. Ó ní kí Mọ́ṣúdù ka ibi tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ àná fún òun. Mọ́ṣúdù kà á, kò fi ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí ohun tó gbọ́ lórí omi.

Èèyàn mìíràn ì bá ti sá lọ sí Èkó. Àkànbí jókòó, ó ń ronú, nígbà tó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ọjà tuntun.

Ó fọ wàláà sínú ọ̀sà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, lẹ́yìn àsùbáà, òun àti Mọ́ṣúdù wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n wà á dé àárín kùrukùru, wọ́n dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà dé, ó bò wọ́n bí aṣọ. Kéwú bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Mọ́ṣúdù wí.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin lẹ ń kà?"

"Wo ẹnu mi."

Mọ́ṣúdù wò ó títí.

"Ó pa dé," ló wí, ó sì sún mọ́ ọn.

Àkànbí tẹ orí sí etí ọkọ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún omi pé ọjà yìí dára, òun rí i pé ó dára, òun ò sì ní í bú ọjà ọlọ́jà. "Èló ni?"

Ohùn náà dákẹ́. Àkànbí dẹtí, ó fẹ́ gbọ́ bí ọlọ́jà ṣe ń mí. Ẹnikẹ́ni ò mí. Ó ní kí onítọ̀hún má bẹ̀rù, kó ṣáà dá iye lé e, òun náà á sọ tòun, wọ́n á pàdé láàárín. Dípò iye, ohùn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ Yáásín, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé, tó ń retí kí ọmọ náà gbà á lẹ́nu òun.

Mọ́ṣúdù tún sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣáà ní ẹ kì í gbé ọjà láì gbọ́ iye."

Àkànbí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rántí Rọ̀kíbátù. Ó rántí Sàlàkọ́ àti irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bó bá béèrè," ló wí, "a ó sọ ọ́."

Ó la ẹnu, ó gba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tó bá fọ wàláà sínú ọ̀sà, ohùn á wá ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ọjọ́ tí kò bá fọ̀ ọ́ síbẹ̀, ẹyẹ nìkan ló ń dún. Nínú ilé-kéwú, ẹnu ya gbogbo ọmọ. Bàbá Alífà ti ń lé wọn bá. Ó ń kọjá wọn. Wọn ò yé kọrin rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ orin náà padà, wọ́n ní irùngbọ̀n ló mọ̀wé jù. Rọ̀kíbátù tó máa ń wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fetí sílẹ̀ díẹ̀, á rẹ́rìn-ín kékeré yẹn, á lọ. Ọjọ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, Àkànbí á ta ẹní lówó pọ́ọ́kú.

Ẹnu ò ya Ààfáà Bísíríyù. Ọjọ́ kan, ó ní kí àwọn ọmọ jáde, kí Àkànbí dúró.

"Ibi tí mo kọ fún ọ kò dé ibi tí o kà lónìí."

Àkànbí ò lè purọ́ fún Ààfáà. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, wàláà, ọ̀sà, ìdájí, ohùn. Ààfáà ń fi ọwọ́ yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀. 

"Ṣé ó máa ń ṣì í kà?"

"Níbi tí mo bá ti ṣì í nìkan, Ààfáà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Á tún un ṣe."

Ààfáà wo ojú fèrèsé. Omi ń dán lókèèrè. "Kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́ la ṣe ń dà á sí kòtò," ló wí. "Ẹsẹ̀ ta ló wà nísàlẹ̀ ọ̀sà, èmi ò mọ̀."

Kò sọ pé kó má ṣe é mọ́. Ó ní kéwú tó gún ni kéwú tó gún, kó máa kà á lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Ààfáà Bísíríyù kò ṣe àlùwàlá ní etí ọ̀sà mọ́. Ìdí kànga ló ń lọ.

Wòlímọ̀ dé. Ẹ̀pẹ́ kún. Wọ́n ti pa màlúù, èéfín ẹja ń rú, àwọn ọmọ ilé-kéwú wé láwàní funfun tó tóbi ju orí wọn lọ. Sàlàkọ́ ti Ìpakòdò dé pẹ̀lú ọkọ̀ iyọ̀ méjì. Ọkùnrin sísanra ni, ẹlẹ́rìn-ín, kò ní inú burúkú, ó sì bọ Àkànbí lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó má ràn án jù. Ìrun àìlà, ìrun ọ̀sán, ni ààlà: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré lọ, kó sáré bọ̀ kí wọ́n tó pe ìrun, nítorí tí wọ́n bá ti kírun tán ni àwọn olùparí kéwú á dìde láti kàwé. Súbérù ti sọ ọ́ pé ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ọkọ̀ méjèèjì gbéra. Ìlù, ìpàtẹ́wọ́, igbe àwọn ìyá ọmọ. Àkànbí wà nídìí ọkọ̀, Mọ́ṣúdù wà níwájú rẹ̀. Wọ́n sáré dé ibi òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lójú omi, wọ́n yípo rẹ̀, wọ́n fi gígùn ọwọ́ kan ṣíwájú. Atukọ̀ ọkọ̀ kejì ń bú wọn pé irùngbọ̀n Bàbá Alífà ló ń wúwo lọ́kọ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wà á.

Kùrukùru sọ̀kalẹ̀ lójijì, ní ọ̀sán gangan.

Kò rí Mọ́ṣúdù tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín àwọn ọmọ gé. Atukọ̀ kejì pè lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ kò dé òpin ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Kò sí ìlù mọ́. Kò sí etídò. Kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Àkànbí mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣìnà, wọ́n á pe ìrun lẹ́yìn òun, wọ́n á ka Yáásín lẹ́yìn òun, Rọ̀kíbátù á bá ọkọ̀ iyọ̀ lọ sí Ìpakòdò.

Kéwú bẹ̀rẹ̀, ní ọwọ́ òsì, lókèèrè díẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó rí òjìji orí wọn bí gbogbo wọn ṣe ń yíjú padà láti wo ẹnu òun.

"Ẹ má wo ẹ̀yìn," Mọ́ṣúdù wí fún wọn. "Ẹ wà á."

Àkànbí yí orí ọkọ̀ sí ọwọ́ òsì. Wọ́n ń tẹ̀ lé ohùn náà. Àjẹ̀ méjìlá ń wọ omi, kò sí ọ̀kan tó dún. Ọkọ̀ kejì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń fara mọ́ wọn bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ohùn ń lọ, wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn náà ni oòrùn là, ìlù bú sétí wọn, ìmú ọkọ̀ méjèèjì sì kan iyanrìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó borí. Àwọn ìyá ọmọ ilé-kéwú méjèèjì ló kọrin ìṣẹ́gun, orin náà sì dùn lọ́nà méjèèjì.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní èbúté sọ pé kùrukùru wo? Kò sí kùrukùru. Oòrùn ń ràn lójú omi látàárọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọkọ̀ méjèèjì dúró lójijì láàárín ọ̀sà, àwọn ọmọ gbé àjẹ̀ sókè, wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí àwọn tó ń gbọ́ wáàsí.

Wọ́n pe ìrun. Wọ́n kírun. Àwọn olùparí dìde níkọ̀ọ̀kan. Ó kan Àkànbí. Ó dìde, aṣọ rẹ̀ ṣì tutù lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ Yáásín.

Ó ń lọ geere. Súbérù ń mi orí. Àkànbí ti kọjá ìdajì tó fẹ́ ná lọ́jọ́sí, ó ti kọjá rẹ̀ dáadáa. Ìgbà náà ló gbé ojú sókè, ó rí ọ̀sà lẹ́yìn orí àwọn èèyàn, omi náà pa rọ́rọ́, kò ru, kò mì. Gbogbo kéwú tó há sórí gbẹ mọ́ ọn lórí. Kò rántí ọ̀rọ̀ kan mọ́. Ó pa ẹnu dé.

Kéwú náà ò dúró.

Ohùn rẹ̀ ń lọ. Ó kún, ó mọ́, ó ń kọjá lórí wọn. Àwọn èèyàn di ojú, wọ́n ń mì síwá sẹ́yìn. Ààfáà Bísíríyù wolẹ̀, kò gbójú sókè rárá. Àkànbí dúró, ètè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, títí ohùn náà fi parí Yáásín, tó sì dákẹ́.

Súbérù dìde. Ó bọ́ fìlà tirẹ̀, ó fi dé Àkànbí lórí. Ariwo ayọ̀ tó sọ, wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà. Sàlàkọ́ fi àpò iyọ̀ kan ta wọ́n lọ́rẹ fún ìnáwó. Ó ní òun gbà, ohùn yẹn kún jù, ó dà bíi pé èèyàn méjì ló jọ kà á. Wọ́n jẹun, wọ́n kọrin, àwọn ọmọ gbé Bàbá Alífà lé èjìká, wọ́n jẹ́ kó já bọ́, wọ́n tún gbé e.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá Rọ̀kíbátù nídìí ààrò ẹja. Rọ̀kíbátù ń yí ẹja padà, kò wò ó.

"Ẹnu yín ni mò ń wò lọ́sàn-án," ló wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọjà tán lẹ́nu Àkànbí. Ó bi í bóyá ó máa sọ fún baba rẹ̀.

"Bàbá mi ní kí wọ́n gbọ́ Yáásín lóhùn yín. Wọ́n gbọ́ ọ. Ọjà tiyín pẹ̀lú bàbá mi ti parí nìyẹn." Ó gbé ẹja kan kúrò lórí iná. "Ó ku tèmi."

"Èló ni tìrẹ?"

"Ẹ kà á níbí, kí n máa wo ẹnu yín."

Àkànbí jókòó sórí ìtì igi. Èéfín ń ta á lójú. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi tó ti gbẹ mọ́ ọn lórí lọ́sàn-án, ó húkọ́, ó kọjá rẹ̀. Ó kà á tán, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, ohun tó ń dá a lóhùn kò ju iná tó ń ta pàrà lọ. Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín kékeré yẹn, ó bu ẹja tó tóbi jù fún un. Oṣù náà ò tán tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kù síbì kan. Gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ń jẹ Àkànbí lọ́kàn ju èyí tí wọ́n ń béèrè lọ. Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó mú ẹní rẹ̀ tó dára jù, ó fọ wàláà ìkẹyìn sínú ọ̀sà, ní ìdájí ọjọ́ kejì ó wa ọkọ̀ dé ibẹ̀. Òun nìkan ni. Kùrukùru wà. Ó sọ pé òun wá sanwó. Ó bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé èló ni. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó tẹ́ ẹní náà sójú omi pé kó gba èyí ná.

Ẹní náà ò rì. Kò bá omi lọ. Ó tẹ́ síbẹ̀, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú ilé.

Ẹyẹ dákẹ́. Ajá dákẹ́. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ka lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀, alífà, ó sì dúró, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n gbà á lẹ́nu òun.

Àkànbí la ẹnu. Kó tó sọ ọ́, ó gbọ́ ẹ̀rín kékeré kan, bí ti ẹni tó rántí àwàdà tí kò fẹ́ sọ.

Ohùn ọmọbìnrin kékeré ni. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ó gba alífà, ó gba èyí tó tẹ̀ lé e, ó kọsẹ̀, ó húkọ́ bí Àkànbí ṣe máa ń húkọ́, ó tún un kà. Àkànbí sì rí i pé àárín ẹní náà tẹ̀ wọlé díẹ̀, kò ju ibi tí ọmọdé lè jókòó sí lọ.

Nígbà tó délé, oòrùn ti là. Rọ̀kíbátù jókòó lẹ́yìn ilé, ó jìnnà sí ààrò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe òun, láti ìjẹta ni òórùn ẹja ti ń rùn sí òun. Àkànbí wò ó, ó wo ikùn rẹ̀. Ayọ̀ gbé e lọ́kàn, nǹkan mìíràn náà sì tẹ̀ lé e wọlé. Ó lọ jókòó tì í, ó gbá a mọ́ra, ó sì dẹtí sí ọ̀nà ọ̀sà.

Kò sẹ́ni tó mọ ọjà bí Àkànbí láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìpakòdò. Síbẹ̀, kò rí i mọ̀, bóyá owó ọjà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun láàárọ̀ ọjọ́ náà, àbí èènì ni wọ́n ń bù fún òun.